Ọ̀gbẹ́ni Kòríbẹ́ẹ̀, Ọmọ Ogun Késárì

Bí ẹ bá dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lápá ibi tí odi tí Késárì Hadrian mọ gbà kọjá, tí ẹ rí bàbá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fimú gbá gíláàsì, tó ń pòṣé, tó ń mi orí, ẹ má wulẹ̀ bi í pé kí ló dé. Òun náà ni. Mi ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, Kòríbẹ́ẹ̀ lèmi ń pè é, torí gbólóhùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ tó bá ti fojú kan àwòrán ọmọ ogun Róòmù. Ìbáà ṣe nínú ìwé ọmọdé, ìbáà ṣe lára páálí bisikíìtì, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ orí rẹ̀ á ti lé ní ọgọ́ta. Ọ́fíìsì owó orí ló ti fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ará àdúgbò kì í gbóhùn rẹ̀. Tó bá di Sátidé, ó ti di ọmọ ogun Legio II Augusta, àwọn tó fi Caerleon ní Wales ṣe ibùdó láyé ọjọ́un: irin láyà, irin lórí, idà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ìṣó lábẹ́ bàtà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń múra bí ọmọ ogun Róòmù kì í ṣe tuntun nílùú Ọba. Ọdún 1972 ni wọ́n ti dá Ermine Street Guard sílẹ̀, àwọn yẹn sì gbayì. Ẹgbẹ́ ti Kòríbẹ́ẹ̀ ò ju ènìyàn méjìlá lọ, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ balógun ọ̀rún, nítorí kò sẹ́ni tí kò wù láti dé àṣíborí tí ogbe irun ẹṣin gbé ìbú lé lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún yín pé nǹkan bí ọgọ́rin ọmọ ogun ni balógun ọ̀rún kan ń darí. Ti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn balógun tiwọn ò ní ju ọmọ ogun méjì lọ, kò rí ìyẹn sọ.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ nǹkan. Ẹ wo awọ tí wọ́n máa ń dì mọ́ ọmọ ogun Róòmù lọ́rùn ọwọ́ nínú fíìmù. Nínú Gladiator tí Ridley Scott ṣe lọ́dún 2000, ó wà níbẹ̀. Àwọn tó ń walẹ̀ ò rí i nínú ilẹ̀ rí, àwọn tó ń gbẹ́ òkúta láyé àwọn Késárì ò gbẹ́ ẹ sí ọmọ ogun lọ́wọ́. Hollywood ló rán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wù irin pẹlẹbẹ tó ń gun ara wọn, èyí tí àwọn kan ń yà bí ẹni pé awọ ni. Lọ́dún 1964, wọ́n hú àpótí kan ní Corbridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwókù irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. H. Russell Robinson, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ohun ìjà ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Tower of London, ló tò ó pa dà: irin ni, awọ kàn wà nínú láti so irin mọ́ irin ni. Bí Kòríbẹ́ẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ Robinson, ó máa ń ṣí fìlà.

Wàhálà tirẹ̀ ni pé kò mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró. Ayàwòrán kan yàwòrán sínú ìwé ọmọdé, Kòríbẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà sí i. Ojú ewé kìn-ín-ní dá lórí awọ ọrùn ọwọ́, ó tọ̀nà. Ojú ewé kejì dá lórí ìṣó abẹ́ bàtà, ó tọ̀nà. Láti ojú ewé kẹta ni nǹkan ti yíwọ́. Ó ka orí ìṣó tó wà lára ẹ̀wù irin náà, ó ní mẹ́ta ló lé. Nígbà tó fi máa dé ojú ewé kẹfà, màlúù tó ń jẹko lẹ́yìn ọmọ ogun ló ń bá jà: ó tóbi jù fún màlúù ayé ìgbà náà. Kò sì parọ́, màlúù wọn kéré sí tòde òní lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ ọdún méje ni wọ́n ń kọ ìwé yẹn fún!

Ìbéèrè tó máa ń wù mí láti bi í ni pé, èwo gan-an ló rí bẹ́ẹ̀? Òpó Késárì Trajan wà ní Róòmù títí dòní, ọdún 113 lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n ṣí i. Àwọn tó gbẹ́ ẹ wọ ẹ̀wù irin pẹlẹbẹ fún àwọn ọmọ líjíónì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá Róòmù, tó lọ bá àwọn ará Dacia jà, aṣọ wọn sì bára mu láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ wá kọjá sí Adamklissi, ní Ròmáníà òde òní, níbi tí wọ́n ti gbé ọwọ̀n ìṣẹ́gun Trajan yìí kan náà dúró nítòsí ojú ogun gan-an. Níbẹ̀, ẹ̀wù tí wọ́n fi òrùka irin hun àti èyí tó dà bí ìpẹ́ ẹja ló wà lọ́rùn àwọn ọmọ líjíónì, irin sì bo ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbá idà mú. Késárì kan náà, ogun kan náà, òkúta méjì, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ bí gbogbo wọn ṣe múra láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ bá mi wojú rẹ̀ dáadáa.

Josephus, òpìtàn ọmọ Júù, fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọ ogun Róòmù ní Jùdíà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé idà tó gùn wà lósì, ọ̀bẹ wà lọ́tùn-ún. Kòríbẹ́ẹ̀ ní Josephus ṣì í kọ.

Ti àwọ̀ ẹ̀wù abẹ́ irin ló wá burú jù. Àwọn kan ní pupa ni, àwọn kan ní funfun ni. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, Kòríbẹ́ẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe ò kíra mọ́. Tí wọ́n bá pàdé ní pápá, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni kálukú ń dúró sí. Ọ̀rọ̀ asà náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: asà kan ṣoṣo tó tẹ̀ kọrọdọ, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì hàn kedere, ló ṣẹ́ kù sáyé. Dura-Europos ní Síríà ni wọ́n ti rí i, ó ti wà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà báyìí. Ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn ìbí Kristi ni asà yẹn, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò tí wọ́n bá fẹ́ ya ọmọ ogun ọ̀rúndún kìn-ín-ní.

Bó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, ìyàwó rẹ̀ máa ń mú un lọ wo eré ìjìyà Olúwa ní gbàgede ìlú. Gbogbo ènìyàn ń sunkún. Kòríbẹ́ẹ̀ ò sunkún. “Wo ẹ̀wù irin yẹn,” ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Pílátù ò ní líjíónì kankan ní Jùdíà. Síríà ni líjíónì wà. Àwọn ọmọ Samáríà àti Kesaríà tí wọ́n gbà síṣẹ́ ogun ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. “Dákẹ́ jàre, wọ́n ń kan Olúwa mọ́gi.”

Ó wolẹ̀ díẹ̀, ó tún gbójú sókè. “Ìṣó yẹn náà…”

Ó tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ Pílátù o. Àwòrán ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí àwa náà fi dàgbà kún ohun tó ń bá wí.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni Róòmù ń gbà síṣẹ́ ogun. Kòríbẹ́ẹ̀ ti so awọ kún okùn ẹ̀wù irin rẹ̀ kó tó lè yí ikùn rẹ̀ ká, awò ojú wà lábẹ́ àṣíborí, àṣíborí náà sì ti Íńdíà wá bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò ṣeé bá a jà lé lórí, torí wọ́n rí pátákó pẹlẹbẹ kan ní Vindolanda, ibùdó ọmọ ogun Róòmù kan nítòsí odi Hadrian, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ àti pátá méjì ránṣẹ́ sẹ́nì kan níbẹ̀. Lórí òmíràn, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Masclus ń bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé ọtí ti tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òun, kó bá òun fi díẹ̀ ránṣẹ́. Mi ò tíì gbọ́ kí Kòríbẹ́ẹ̀ dárúkọ Masclus. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ogun tirẹ̀ kì í gbẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gba ilé ìtajà ńlá kan kọjá tòun ti bàtà oníṣòó, ó fẹ́ ra mílíìkì. Táìsì ń dán. Ẹsẹ̀ kan lọ síhìn-ín, ìkejì lọ sọ́hùn-ún, ariwo irin gba gbogbo ilé. Wọ́n sáré gbé e dìde, wọ́n rí i pé ń ṣe ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Josephus kọ ọ́ pé balógun ọ̀rún kan tó ń jẹ́ Julianus yọ̀ ṣubú báyìí gan-an lórí òkúta dídán inú Tẹ́ńpìlì ní Jerúsálẹ́mù lọ́dún 70, nítorí ìṣó abẹ́ bàtà rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí. “Ó rí bẹ́ẹ̀!” ló ń sọ fún ọmọbìnrin tó ń gba owó. “Ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́!” Lọ́jọ́ yẹn, Josephus ò ṣì í kọ.

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ yọ awọ ọrùn ọwọ́ yẹn kúrò, kí ẹ sì kan ìṣó mọ́ bàtà. Nínú pupa àti funfun, ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ẹ fi ẹrẹ̀ díẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, torí ọmọ ogun tó ń ṣọ́ odi nínú òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ́ tónítóní tó bí ẹ ṣe máa ń yà á. Lẹ́tà á ṣáà dé. Ẹ kà á dé òpin ojú ewé kejì, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín.