Màmá Olùdásílẹ̀

Bí ẹ bá ń kọjá lọ n'Ìbàdàn, tí ẹ rí kánópì mẹ́rin, bánà tí àwòrán obìnrin kan gba ìdajì rẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tó wọ tíṣáàtì tí àwòrán obìnrin yẹn náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Màmá Olùdásílẹ̀ nìyẹn. Ó ní fáńdéṣọ̀n. Ó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC. Bí ẹ bá bá a jókòó díẹ̀, ẹ ó rí ìwé ẹ̀rí náà, torí inú báàgì ló ń gbé e sí. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lágbàáyé tí kò ní bánà tirẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá: ọjọ́ àwọn ọmọbìnrin, ọjọ́ ìtọ̀ ṣúgà, ọjọ́ ọwọ́ fífọ̀.

Àwọn fọlọ́ńtíà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. “Ẹ̀yin akọni mi” ni Màmá ń pè wọ́n, bóyá torí pé kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé àwọn akọni kì í pẹ́. Àgùnbánirọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, láti 1973 tí wọ́n sì ti dá NYSC sílẹ̀, ọdún kan ni sáà wọn. Lójú Màmá, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó bá parí sìnrúùlú tó sì wá iṣẹ́ lọ. “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́,” á ní, “bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.” Ta ló ṣe ta lóore? Ẹ má bi mí.

Àwọn tó bá ṣẹ́kù ń bá ọ̀ràn mìíràn yí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, owó mọ́tò ti di ohun tí èèyàn ń jókòó ṣírò. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí wọ́n máa fún àwọn ní owó mọ́tò. Màmá ní èrè wọn ń bẹ lọ́run. Kọ̀ńdọ́ Ọ̀jọ́ọ̀ kò sì gba èrè ọ̀run.

Ní ìpàdé kan l'Ábújá ni Màmá ti gbọ́ pé ayẹyẹ ló ń mú kí fọlọ́ńtíà dúró pẹ́. Bó ṣe di pé ní gbogbo 5 oṣù Kejìlá nìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún irú wọn lágbàáyé láti 1985, ó ń gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì láti fi yẹ́ àwọn akọni rẹ̀ sí.

Aago mẹ́wàá ni ìwé ìpè wí. Àwọn akọni ti dé láago méje, àwọn kọ́ ni yóò to àga ni? Alága ọjọ́ náà wọlé láago kan. Wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé Màmá, ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín inú kúlà fi yọ́ tán. Wọ́n wá ní kí àwọn tí a tìtorí wọn péjọ bọ́ síwájú. Ẹmsíì pè títí. “Wọ́n ń bọ̀ o!” Wọn ò bọ̀, àwọn àlejò ni wọ́n ń bọ́, lẹ́yìn gbọ̀ngàn níbi tí jọ́lọ́ọ̀fù wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ló gba àmì ẹ̀yẹ fọlọ́ńtíà tó ta yọ jù lọ. Ọmọbìnrin onígíláàsì kan wà níbẹ̀ tó ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fún òun, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ yìí náà ló yẹ bàbá kan wò ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́sí, tí ẹ̀rọ kọ 190 lórí 110. Ó tún un wò lápá kejì, 190 náà ni. Ó di bàbá lọ́wọ́ mú, ó wọ mọ́tò tì í dé ọsibítù, ó fi owó ara rẹ̀ gba káàdì. Nígbà tó padà dé, ìbéèrè kan ni Màmá bi í:

“Ṣé o ya fọ́tò?”

Bàbá náà ṣì ń pè é. Torí bàbá yẹn ló ṣe ń wá. Ẹ jẹ́ kí Màmá máa rò pé tíṣáàtì ni.

Kì í ṣe pé Màmá kò mọ àṣà o. Níbi gbogbo ló ti ń wí pé ọ̀wẹ̀ àti àáró àwọn bàbá wa lòun ń sọ dọ̀tun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń gúnyán, òun ló ń gbé ẹmu kalẹ̀. Nínú àáró sì rèé, bí o bá ro oko mi lónìí, èmi náà á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká wá sí tìẹ lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí bàbá ọmọ onígíláàsì yìí kú, àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ni Màmá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀kan ṣoṣo.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ó ní ayẹyẹ náà gbọ́dọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, kí àwọn akọni lè mọ̀ pé òun fẹ́ràn wọn. Ó ti yan aṣọ ẹbí fún wọn. Àǹkárá ni, ₦15,000, gèlè kò sí níbẹ̀. Kí wọ́n sanwó kí oṣù tó parí.