Aṣọ Ẹbí Kún Kọ́bọ́ọ̀dù, Ìṣáná Ò Sí Nílé!

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn o, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé èyí mì, inú á run mí.

Ṣé ẹ mọ ìyàwó tó ń gbé lókè nílé wa, ní Ìkòròdú níbí? Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ gba ògiri tán, fíríísà méjì ló wà ní kíṣìnì, kò sì sí òde àríyá tí wọn kì í bá a níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè tuntun. Àfi bí iná ìjọba ṣe lọ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gáàsì tán lórí ọbẹ̀ tí kò tíì jinná. Omi ò yọ, torí iná ló ń fa omi bọ́hóòlù. Ìyàwó bá ró ìró máyà, ó fi iná fóònù tó ti ń kú lọ tan ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà nísàlẹ̀.

“Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè rí sítóòfù yín lò? Kẹrosíìnì díẹ̀ náà mà. Àti… ìṣáná.”

Ìṣáná! Nílé ọlọ́mọ mẹ́ta!

Èyí tó dùn mí jù ni pé obìnrin yìí kan náà, níbi ìkómọ kan, pẹ̀lú ẹran lẹ́nu, ló ń sọ pé, “Mọ́mì ìsàlẹ̀ yẹn ń kó nǹkan jọ bí ẹni tógun fẹ́ jà nílé ẹ̀.” Etí mi báyìí ló ṣe!

Kí ni Ìyá Àgbà kó jọ? Gàrí nínú bákẹ́ẹ̀tì onídèérí, dírọ́ọ̀mù omi méjì, àtùpà tí wọ́n nu gíláàsì rẹ̀ mọ́ kedere, oògùn ibà nínú agolo mílíìkì, àti owó díẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, inú dírọ́ọ̀mù àti bákẹ́ẹ̀tì yẹn ni ilé wa ti bu omi, tó ti bu gàrí. Nígbà tí owó náírà di góòlù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí olówó ń sùn sẹ́nu ẹ̀rọ báńkì, ọgọ́rùn-ún náírà àti àádọ́ta náírà, tí ìjọba ò pààrọ̀ rárá, ló wà lábẹ́ aṣọ Ìyá Àgbà. Ta ló yá nínú rẹ̀? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ọkọ ńkọ́? Háà! Fáyà ẹsitíngúíṣà wà nínú búùtù mọ́tò rẹ̀, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni o, torí kí wọ́n má baà dá a dúró. Nínú ilé, kò sí ẹyọ kan. Kégì pẹtiróò ló tò sábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì, ó ní òun náà ti múra sílẹ̀. Irú ìmúrasílẹ̀ wo nìyẹn? Ooru pẹtiróò kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ gbà títí yóò fi bá iná pàdé. Lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá sì gbà láti ṣiṣẹ́, inú kọ́rídọ̀ ló ti máa ń pariwo, níbi tí èéfín tó ń pani láìrùn ti ń wọlé tọ àwọn ọmọ lọ. Mo bi ìyàwó léèrè nọ́ńbà tí wọ́n ń pè l'Ékòó bí iná bá ń jó ilé. Kò mọ 112, kò mọ 767. Ti aránṣọ wà lórí rẹ̀ ṣáká!

Mi ò bú aláìní o. Owó gèlè kan ṣoṣo yóò ra páálí ìṣáná, iyọ̀, tọ́ọ̀ṣì àti kégì omi, kó tún ṣẹ́ ṣéńjì. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Ìyá Àgbà gbé sítóòfù fún un, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.” Èmi kọ́ nìyẹn! Ẹni tó máa yá nǹkan lálẹ́ kì í bú ẹni tó ní in láàárọ̀. Mi ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bínú ló mọ ohun tó ṣe.