Adìyẹ Bà Lókùn, Olókùn Ń Kówó Sápò

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí àwọn àgbà ṣe pa á nìyẹn, àmọ́ wọ́n fo ẹnì kan: ẹni tó ta okùn. Ara tiẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Láyé òde òní, tábúlẹ́ẹ̀tì ni adìyẹ, kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń so mọ́ ọn ni okùn, wọ́n sì ń ta méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Lọ́dún 2020, iPad Pro ńlá ti Apple wọn gíráàmù 641. Magic Keyboard tí wọ́n ṣe fún un wọn nǹkan bíi 710. Àfikún wúwo ju ojúlówó lọ! Àpapọ̀ wọn tún wúwo ju MacBook Air ọdún náà, tí kò ju gíráàmù 1,290 lọ. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, láti dọ́là 999 ni láptọ́ọ̀pù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ láti 999 bákan náà, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tún gba 349. Owó pọ̀ sí i, ẹrù wúwo sí i, nítorí ohun tí wọ́n ní ó fúyẹ́.

Ẹ wá gbé e wọ ìsọ̀ kan ní Èbúté Èrò. Páálí ti kan àjà, ìyá ọlọ́jà jókòó sórí àpótí, oníbàárà ń pè é lọ́tùn-ún lósì. Surface, tábúlẹ́ẹ̀tì Microsoft tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ń wá tábìlì. Níbo ni tábìlì wà? Bí ìyá ọlọ́jà bá tiẹ̀ rí àyè, tó fẹ́ kọ “ọṣẹ” sínú àkọsílẹ̀ ọjà, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí ẹ lára bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti Gboard, tó ń yọ lójú gíláàsì lọ́fẹ̀ẹ́, ní gbogbo wọn.

Wọ́n á ní, “Ṣebí kíbọ́ọ̀dù àsomọ́ ṣeé yọ?” Bẹ́ẹ̀ ni. Bá a bá yọ ọ́, tábúlẹ́ẹ̀tì ló kù; kí la wá san 349 fún? Ẹlòmíì á dárúkọ ayàwòrán aṣọ, tàbí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba Èkó tí ètò EKOEXCEL, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019, fún ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Àwọn gan-an ni ẹlẹ́rìí mi: ọ̀kan ń fi kálámù yàwòrán lójú gíláàsì, èkejì ń ka ẹ̀kọ́ òòjọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń yàwòrán láàárọ̀, tó tún ń tẹ̀wé títí di alẹ́, méjèèjì tọ́ sí i. Irú wọn ò pọ̀. Ìyókù ń rà á kí aráyé lè rí i lọ́wọ́ wọn lóde ni. Ẹni tó ń kàwé, kó ra tábúlẹ́ẹ̀tì; ẹni tó ń kọ̀wé, kó ra láptọ́ọ̀pù. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi kún ọjà.