Ẹṣin Ni Wọ́n Ní Àwọn Ń Lọ Wò

Ẹ má ní ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o. Èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, gbogbo Mafolúkù ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ní Old Ewu Road níbí, bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun.

Ìyàwó ilé kan ni. Mi ò ní dárúkọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ìjẹ̀bú lọkọ rẹ̀, Ojúde Ọba ni wọ́n sì ń lọ. Ẹṣin ni wọ́n ní àwọn ń lọ wò. Onígèlè tó ti Òṣòdì wá sùn sílé rẹ̀ mọ́jú, torí pé ìdájí ni gèlè ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Mo kàn yà wọlé láti kí wọn ni. Sẹ́gò aláwọ̀ àlùbọ́sà, tó le gbagidi, tó ń dún ṣàkàṣàkà lọ́wọ́. Onígèlè kó píìnì sẹ́nu, ó fi orúnkún tì í lẹ́yìn, ó fà á, ó ká a ní ìpele-ìpele, ó tún fà á. Nígbà tó fi máa ta kókó, etí méjèèjì ti wọ abẹ́ gèlè lọ, ojú ti fà sókè débi pé kò lè ṣẹ́jú dáadáa. Mo ní ṣé kò dùn ún ni. Ó ní, "Màmá, ó ń dùn mí. Ṣé ó fẹ̀?"

Ó fẹ̀ ná! Ẹ̀gbẹ́ ló fi gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yìn pápákọ̀ òfurufú la wà, ń pariwo tẹ̀ lé e pé, "Anti, ẹ bẹ̀rẹ̀! Bàálù ń bọ̀!" Mo bá wọn wí o. Ẹ̀rín ni ò jẹ́ kí n bá wọn wí dáadáa.

Owó wo ló fi rà á? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àjọ tó kó, tó ní òun fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ, òun ló gbé kárí. Alájọ ló sọ fún mi, mi ò bi í léèrè. Ọkọ ò tíì gbọ́, ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Mo bá wọn lọ, kí n má baà máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹnu ẹlòmíràn a máa fi kún ọ̀rọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n yá, òrùlé ò gba gèlè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dọrí kodò títí a fi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Kò lè wo ọ̀nà, kò lè jẹ àkàrà tí wọ́n rà fún un ní Ṣàgámù.

A débẹ̀. Ẹ̀yin tó mọ iwájú ààfin Awùjalẹ̀ mọ bó ṣe ń rí: àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á kọ́kọ́ jó kọjá nínú aṣọ olówó ńlá, lẹ́yìn náà ni ìdílé àwọn Balógun á gun ẹṣin wọlé, ìbọn á máa dún. Àwọn ará Balógun Kúkù wọlé, ẹṣin kan gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, gbogbo èrò hó yèè. Àwọ̀ àlùbọ́sà ni èmi rí. Mo yí sọ́tùn-ún, gèlè pupa. Mo yí sósì, ti ibẹ̀ tún ga jù. Ẹni tó wá kí ọba ò rí ọba, ẹni tó wá wo ẹṣin ń gbọ́ pátákò rẹ̀ nìkan. Ẹ̀san ṣáà ń ké. Ṣé ẹ rántí 2024? Gbogbo gèlè tí wọ́n dì láti òru, Farooq Oreagba kàn jókòó sórí ẹṣin, dígí dúdú lójú, sìgá ńlá lọ́wọ́, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwòrán tirẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí sìgá o. Àmọ́ inú mi dùn.

Ẹ má sì rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni. Ascot nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọbabìnrin Anne ló dá eré ẹṣin ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1711, àmọ́ fìlà làwọn obìnrin ń bá lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Gertrude Shilling dé èyí tí wọ́n ṣe ní ìrísí àgùnfọn wọ ibẹ̀! Ọmọ bíbí inú rẹ̀, David, ló ń ṣe é fún un, ọmọ tó yẹ kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣètò ibẹ̀ náà fòfin dè é, àmọ́ ẹ gbọ́ òfin ọ̀hún: láti 2012, níbi tí àwọn èèyàn ọba ń jókòó sí, èyí tó bá kéré jù ni wọn ò gbà mọ́, ìdí fìlà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ní Melbourne ńkọ́? Ní 1965, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jean Shrimpton lọ síbi eré ẹṣin láìdé fìlà, láìwọ ìbọ̀wọ́, yẹ̀rì ò dé orúnkún, ni ariwo bá ta. Orúnkún yẹn, mo bá wọn bínú sí i. Ṣùgbọ́n orí tí kò dé nǹkan kan, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Ó kéré tán, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ rí ẹṣin.

Àwa náà di gogoro láyé Gówọ́n, a ò parọ́. Àmọ́ ọwọ́ ara wa la fi dì í, níwájú dígí, kí omi ẹ̀kọ tó hó. Ayé ìgbà yẹn náà ni wọ́n sọ pápá eré ẹṣin Èkó di Tafawa Balewa Square, ní 1972. Ẹṣin mẹ́rin tó kù níbẹ̀, ère funfun ni wọ́n, orí géètì ni wọ́n wà. Àwọn nìkan ni ẹṣin tí gèlè ò tíì dí lójú mi láti ọjọ́ yìí.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó padà dé Mafolúkù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń yọ píìnì lórí ìyá rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ìyá ń ké. Ìlà tí gèlè fà síwájú orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó wá yá owó lọ́wọ́ mi. Owó ilé-ìwé, ó ní. Mi ò fún un, mo pòṣé.

Wọ́n sì ti ń gba owó aṣọ ẹbí ti ọdún tó ń bọ̀. Mo ti san díẹ̀ lára tèmi, kí wọ́n má baà ní ìlara ló ń ṣe mí.