Ọ̀jọ̀gbọ́n Pálọ̀

Ìmọ̀ díẹ̀ ló ń mú èèyàn pariwo. Ẹni tó mọ̀ púpọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ tèmi kéré gan-an ni, ó sì tó mi láti fi da ilé rú ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún tí ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta.

Mo ti ka ìwé kan nípa orin àwọn òyìnbó, irú èyí tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa ń fi gòjé, fèrè àti ìlù kọ láìsí ẹni tó ń lanu. Láti ọjọ́ tí mo ti pa ìwé náà dé ni n kò ti jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi. Bí ìyàwó mi bá ń ro àmàlà, màá dúró tì í, màá sọ fún un pé ọdún 1895 ni wọ́n dá eré orin tí wọ́n ń pè ní Proms sílẹ̀, pé BBC gba àkóso rẹ̀ lọ́dún 1927, pé bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ló ba gbọ̀ngàn Queen's Hall jẹ́ lọ́dún 1941 tí wọ́n fi kó eré náà lọ sí Royal Albert Hall. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá Tóbi, ẹ bá mi gbé abọ́ yẹn."

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Símúfónì Kẹfà tí Tchaikovsky, ará Rọ́ṣíà, kọ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Radio 3 ti BBC máa ń gbé àwọn eré Proms sáfẹ́fẹ́ tààrà láti inú gbọ̀ngàn, nítorí náà mo kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀: ìyá ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì; Bọ̀dá Kúnlé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì; ìyàwó mi; àti Tóbi, ọmọ ọdún méje. Mo dúró níwájú wọn bí alága ìdúró níbi ìdána, mo sì ka òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Apá mẹ́rin ni orin náà ní, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́ bí apá kan bá parí, torí àwọn tó lajú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di òpin pátápátá.

"Ẹ máa wo ojú mi," ni mo wí. "Bí mo bá pàtẹ́wọ́, kí ẹ̀yin náà pa á."

Mọ́mì ní, "Bí orin bá wọ èèyàn lára láàárín kan, tó fẹ́ náwó fún onílù ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, mà."

Orin bẹ̀rẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó ń lọ ni pé fèrè gígùn tí wọ́n ń pè ní bassoon ń kùn nísàlẹ̀, àwọn gòjé tó ga ju èèyàn lọ sì ń gbè é, ṣùgbọ́n ohùn firíìjì wa borí gbogbo wọn. Mo yí rédíò sókè díẹ̀. Nígbà tó yá, orin gbéra. Ó kó wa dé ibi ohùn ìfẹ́ kan tó mú kí ìyàwó mi gbé ojú kúrò lára fóònù. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun ti gbọ́ ọ nínú fíìmù kan rí, níbi tí ọkọ ti ń tọrọ àforíjì. Mo rán an létí òfin kìíní.

Lẹ́yìn èyí, orin tún ń relẹ̀ bọ̀. Bí olórin bá kọ lẹ́tà p kan sábẹ́ orin, ó ń sọ pé kí wọ́n rọra ṣe é. Tchaikovsky kọ p mẹ́fà síbẹ̀. Mo mọ èyí, inú ìwé ni mo ti kà á. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn p mẹ́fà ni n kò kà, torí pé ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ. Èmi rò pé rédíò ló ń kú lọ. Mo dìde, mo yí ohùn rẹ̀ sókè títí tí kò fi lè lọ mọ́, mo wá gbé etí lé e.

Ohùn kan dún gbì lára ògiri. Mọ́mì ní, "Kí nìyẹn?"

Kí n tó dá a lóhùn, gbogbo ẹgbẹ́ olórin náà bú gbàmù sí mi létí. Mo fò sẹ́yìn, mo gbá tábìlì, ife tíì Mọ́mì dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bọ̀dá Kúnlé ké "Jésù!" Tóbi bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín: "Dádì, Tom ti lé Jerry bá!" Ará ilé kejì sì gbá ògiri wa, gbá, gbá, gbá.

Mo yí i wálẹ̀, mo ní bí orin náà ṣe rí nìyẹn.

Apá kejì ni mo fi bá Bọ̀dá Kúnlé jà. Ó ń fi ìka ta orúnkún, ó wá dijú pọ̀. Ó ní, "Ìlù yìí ń tiro." Mo ní kò tiro, ijó wọ́ọ̀sì ni, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń kà á. Ó tún un kà. Ó ní, "Márùn-ún ni. Ẹni tó bá máa jó èyí dọ́gba, àfi kó ní ẹsẹ̀ méjì ààbọ̀." Mo fa ìwé yọ lábẹ́ tìmùtìmù, mo yọ́ ojú wò ó. Márùn-ún ni. Mo dá ìwé padà sábẹ́ tìmùtìmù.

Apá kẹta wá dé bí ogun. Tóbi ń yan kiri pálọ̀, Bọ̀dá ń lu apá àga, Mọ́mì ń mi èjìká, kò sì sí ẹni tó rántí òfin mi mọ́. Fèrè, ìlù ńlá, páànù tí wọ́n ń gbá mọ́ra, gbogbo rẹ̀ parí wáú! Mo fò dìde, mo pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú, èyí sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo pa rédíò kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má baà gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Mo ní Tchaikovsky fúnra rẹ̀ ló darí orin yìí nígbà àkọ́kọ́ ní St. Petersburg, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, ọdún 1893, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ló kú. "Ẹ ò rí i? Ọkùnrin tó ń lọ sọ́run, ẹ wo irú ayọ̀ tó fi parí orin rẹ̀! Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún wa."

Mọ́mì na ìka sókè. "Apá mélòó lẹ pè é?"

"Mẹ́rin ni, mà."

"Mẹ́ta ni mo kà."

Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn ni orin ti ń bọ̀ láti ara ògiri. Gòjé ló ń sunkún. Ará ilé kejì tó gbá ògiri wa ń gbọ́ eré kan náà, òun kò sì pa tiẹ̀. Mo sáré tan rédíò. Tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn tiẹ̀, bí ẹni pé ó ń sín in jẹ. Ohun tó dún gbì lẹ́ẹ̀kan yé mi: rédíò FM àtijọ́ ni tiẹ̀, ti ìgbàlódé ni tiwa, èyí tó máa ń gba ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan láti tú ohùn kó tó sọ ọ́ jáde. Ògiri ti kìlọ̀ fún mi.

Mọ́mì ti wà nínú kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Ó gbọ́ díẹ̀, ó mi orí. "Arò lèyí. Ayọ̀ wo lẹ ń sọ?" Bọ̀dá ní ìyẹn ló jẹ́ kí ìlù apá kejì máa tiro. Ìyàwó mi ń nu ojú, ó ní àlùbọ́sà ni, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dáná. Tóbi ti sùn. Nígbà tí orin wá rẹlẹ̀ pátápátá, tí kò sí ohun tí à ń gbọ́ mọ́, mo tún na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú, kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ ní gbọ̀ngàn.

Mo padà sídìí ìwé mi láti wá àwáwí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ tún burú sí i. Lọ́dún 1778, Mozart kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ láti Paris pé àwọn èrò pàtẹ́wọ́ nígbà tí símúfónì òun ń lọ lọ́wọ́, kì í tilẹ̀ ṣe ìgbà tí apá kan parí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ jẹ áísíkirimù lẹ́yìn eré. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé òfin ìdákẹ́jẹ́ wá. Mọ́mì tó fẹ́ náwó fún onílù sún mọ́ Mozart jù mí lọ. Ìyàwó mi gbọ́ ìfẹ́, Bọ̀dá gbọ́ ẹsẹ̀ tó tiro, ọmọ mi gbọ́ ológbò tó ń lé eku, Mọ́mì gbọ́ ikú. Òfin nìkan ni èmi gbọ́.

Mo lọ bẹ ará ilé kejì, ìyá arúgbó òyìnbó kan. Ó ní ariwo kọ́ ló bí òun nínú: rédíò wa ló ń tún gbogbo nǹkan wí fún òun bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá ní òun náà máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn apá kẹta yẹn, ẹni tí kò bá pa á kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Òun àti Mọ́mì ti di ọ̀rẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ti máa gbọ́ eré tó kàn. Wọ́n pè mí, ṣùgbọ́n wọ́n ti yan ẹni tí yóò máa yí bọ́tìnnì. Tóbi ni.