Ọ̀fẹ́ Mílíọ̀nù 20

Ta ló sọ fún ọmọ mi pé ọ̀fẹ́ ni yunifásítì ní Jámánì? Ẹni náà ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn, owó aṣọ ẹbí ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Ọmọ ní, "Dádì, wọn ò gba kọ́bọ̀ owó ilé-ìwé níbẹ̀ o." Inú mi dùn, mo ní kí ìyá rẹ̀ fi ẹran kún ọbẹ̀.

Ọmọ ò purọ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́ lóòótọ́. Àfi pé kó tó rí físà, 11,904 yúrò gbọ́dọ̀ ti wà ní àkáǹtì kan lórúkọ rẹ̀, tí wọn yóò máa yọ 992 fún un lóṣooṣù. Bí a bá ka yúrò kan sí 1,700 náírà, ó ti lé ní mílíọ̀nù 20. Ẹ gbà mí! Bí mo bá ní mílíọ̀nù 20, kí ni mo tún ń wá ọ̀fẹ́ fún?

Ìlú Ọba ò tilẹ̀ díbọ́n. Ọmọ onílùú gan-an lè san 9,535 pọ́n-ùn lọ́dún ní England ní 2025. Ti àlejò kò ní gbèdéke. Wọn a tún ní kí owó tí ọmọ máa ná sùn sí báǹkì fún ọjọ́ 28. Owó tèmi kì í tilẹ̀ jókòó, ìgbà wo ni yóò rí oorun sùn?

Èyí tó dùn mí jù ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí mo sanwó kí wọ́n lè máa nà án bó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì! Gẹ̀ẹ́sì náà ló fi ń bá mi jiyàn títí dòní. Wọ́n ní kó lọ ṣe ìdánwò IELTS, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ. Ó ṣe é, ó yege. Ọdún méjì péré ni èsì yẹn fi ń wúlò. Lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì a kan bí ọbẹ̀ tí wọn ò gbé kaná.

Ẹ ní kí ló dé tí kò kàwé nílé? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin ní 2018. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti March 2020 títí di December, wọ́n tún dà á sílẹ̀ ní February 2022, ó di October. 2024 lọmọ jáde. Owó ilé-ìwé ò pọ̀, mo gbà. Ta ló ń bọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí géètì wà ní títì?

Àwọn kan a sì máa ní ẹ̀kọ́ wa ò dáa tó tòkèèrè. Bó bá jẹ́ ti iná àti yàrá ìwádìí, mi ò jiyàn. Àmọ́ àwọn dókítà tó jáde n'Íbàdàn àti n'Ífẹ̀ ń ṣe PLAB, ìdánwò dókítà ti Ìlú Ọba, wọ́n ń yege, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn ará London. Owó orí mi wà nínú ohun tí a fi kọ́ wọn. London ò tíì kí mi kú ìnáwó.

Ìyàwó mi ní Kùtọnu ńkọ́, ó ṣáà sún mọ́lé. Mo rán an létí akọ̀ròyìn tó gba dìgírì níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ìjọba wa fi ní àwọn ò gba ìwé-ẹ̀rí Benin àti Togo mọ́ nígbà yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Agbádá ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ mi.

Àbíkẹ́yìn ti wá ń dárúkọ Norway báyìí, pé ọ̀fẹ́ ni tibẹ̀. Mo ní láti 2023 ni wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Ẹnu yà á. "Dádì, ta ló sọ fún yín?"

Ta ni ì bá sọ fún mi? Èmi náà ti wá àyè síbẹ̀ fún ara mi.