Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́nu Ìyá Oníṣu

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ògiri létí, àgàgà ògiri ilé tiwa yìí, tí ẹni tó bá sín ní yàrá kẹta ń gbọ́ “pẹ̀lẹ́” láti yàrá kìn-ín-ní. Èmi kì í ṣe olófòófó, gbogbo agboolé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rí nǹkan, Ìyá Múfú nìkan ni mo ń sọ fún. Ohun tí Ìyá Múfú bá wá fi ṣe kò kàn mí.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo lọ pọnmi nídìí ẹ̀rọ kí àwọn tó ń to kẹ́ẹ̀gì bí ẹni tó fẹ́ ta epo bẹntiróò tó dé. Ta ni mo bá létí gọ́tà? Ìyá Oníṣu. Orín wà lẹ́nu wọn. Wọ́n tutọ́. Itọ́ náà pọ́n! Wọ́n tún tu òmíràn, pupa ni. Wọ́n wẹ̀yìn wò, wọ́n bomi lé e. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: àgbàlagbà obìnrin, ìdájí, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, wọ́n tún ń wẹ̀yìn. Kí lẹ fẹ́ kí n rò?

Mo sọ fún Ìyá Múfú. Kó tó di Jímọ̀, iṣu ò tà mọ́. Àwọn èèyàn ti ní Ìyá Oníṣu ló ń mu ẹ̀jẹ̀ Bàbá Láńdíló, tí eyín wọn ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àgbàdo gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ Bàbá Láńdíló wà lọ́tọ̀, mo máa débẹ̀.

Kò tó oṣù kan, mo ń fọ ẹnu tèmi, burọ́ọ̀ṣì bá pọ́n. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ni. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Mo gé gúáfà jẹ, ẹ̀jẹ̀ wà lára gúáfà. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ fún Ìyá Múfú, mo bá dákẹ́. Apá òsì ló ń ṣẹ̀jẹ̀, mo pa á tì, mo ń fọ apá ọ̀tún nìkan. Mo fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yọnu, ó tù mí fún ọjọ́ méjì, ó tún padà. Òórùn wá dé. Bọ́sẹ̀, ọmọ tí mo bí fúnra mi, bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti ẹnu ọ̀nà.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà eléyín nìyẹn. Ẹ gbà mí, ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì? Ìyá Oníṣu! Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sún díẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, jókòó. Ìpàdé ò tíì bẹ̀rẹ̀.”

Ilẹ̀ ò lanu.

Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ó ní, “Mà, ṣé ẹ máa ń ro ẹ̀kọ?” Mo ní mò ń rò ó tà. Ó ní bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò ni ìdọ̀tí kan ṣe ń lẹ̀ mọ́ ibi tí eyín ti wọ inú èrìgì, kòkòrò tí ojú ò rí ló sì kún inú rẹ̀. Bí èèyàn bá tètè fọ̀ ọ́, ó ti tán. Bí kò bá fọ̀ ọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan, itọ́ ẹnu á sọ ọ́ di òkúta. Apá burọ́ọ̀ṣì ò ní ká a mọ́, apá orín náà ò ní ká a. Èrìgì á wú, á pọ́n, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ibi tí èèyàn bá wá torí ẹ̀jẹ̀ pa tì, ibẹ̀ gan-an ni ìdọ̀tí ń kọ́lé sí. Mo rántí apá òsì mi, mo wolẹ̀.

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Ó ní ní 1965, ní ilẹ̀ Denmark, dókítà kan tó ń jẹ́ Harald Löe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí èèyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáká má fọ ẹnu mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Wọ́n ní ó yá, ẹ padà fọ ẹnu yín, èrìgì sì padà sípò. Èmi ò bi í bí àwọn tó ń bá wọn sùn ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n mo rò ó gan-an.

Wọ́n fi irin tín-ín-rín kan tó ń kùn bí ẹ̀fọn, tó sì ń tu omi, hó eyín mi. Ohun tó ń já bọ́, bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní wọ́n ń wó ilé. Nígbà tí mo fahọ́n wá ẹnu mi wò, àlàfo wà láàárín eyín! Mo fẹ́ figbe ta, ṣebí Ìyá Àdúkẹ́ ti máa ń sọ ọ́ pé wọ́n máa ń fọ èèyàn léyín títí á fi mì. Nọ́ọ̀sì ní òkúta yẹn ló dí àlàfo náà látọjọ́ yìí.

Ti Ìyá Oníṣu le ju tèmi. Tiwọn ti wọ abẹ́. Èrìgì ti ṣí kúrò lára eyín bí àpò, ìdọ̀tí sọ̀ sínú àpò, egungun tó gbé eyín ró wá ń jẹ lọ bí àgbàrá ṣe ń jẹ ìpìlẹ̀ ilé. Èyí tó bá ti jẹ lọ kì í hù padà bí èékánná. Wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹnu kú, wọ́n hó o dé gbòǹgbò, apá kan lọ́jọ́ náà, apá kejì lọ́sẹ̀ kejì. Eyín kan ò ṣe é tún ṣe, wọ́n yọ ọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tètè wá. Wọ́n ní kò dun àwọn rárá. Ẹ gbọ́, akokoro sàn ju àìsàn èrìgì lọ. Bó pẹ́ bó yá, akokoro a máa kanlẹ̀kùn.

Sàká tó ń fátẹ́gùn sí táyà wá ń fọ́nnu pé èrìgì tòun ò ṣẹ̀jẹ̀ rí. Sìgá kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ nọ́ọ̀sì lọ (nítorí tèmi ni mo ṣe lọ o, mo kàn fi ti Sàká kún un ni). Ó ní sìgá máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, èrìgì lè máa jẹrà lábẹ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má jáde. Mo sọ fún Sàká. Ó ní kí n lọ ro ẹ̀kọ mi.

Bàbá Láńdíló? Àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá èrìgì jà, èrìgì tó bàjẹ́ náà kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà tètè wálẹ̀. Wọ́n ti ń lo oògùn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kí Ìyá Oníṣu tó kó wá sí agboolé yìí, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ jẹ́ kí ẹ máa pe obìnrin olóbìnrin ní àjẹ́! Ó dáa, “kí a máa pè é” ló yẹ kí n sọ.

Burọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mò ń lò báyìí, láàárọ̀ àti kí n tó sùn, ìṣẹ́jú méjì-méjì, títí kan apá òsì. Ẹ̀jẹ̀ ṣì jáde lọ́jọ́ mélòó kan, mi ò dáwọ́ dúró. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti dá. Orín ata mi ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní kí n rún un kó rọ̀, kí n má fi rẹ́ èrìgì bí ẹni ń fi ayùn la pákó.

Àmọ́ lánàá, nídìí ẹ̀rọ, ni mo gbọ́ pé Ìyá Oníṣu ti fún mi ní àjẹ́ jẹ, pé ẹnìkan rí mi níbi tí mo ti ń tutọ́ pupa ní ìdájí, pé a tún jọ lọ sípàdé. Mo mọ ẹni náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi o: gúáfà tí Ìyá Múfú gé jẹ lójú mi lánàá, tí wọ́n yára fi aṣọ bò…